Fáírọ́ọ̀sì kò lẹ́sẹ̀, kò lójú: báwo ló ṣe ń mọ ojúlé tí yóò wọ̀ lára wa?

Àǹtí Lẹ́sìnnì, Sùúrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ni mo ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Sùúrùlérè, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí la sì wà lórí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń sin adìyẹ ní Mushin nawọ́ sókè, ó ní: "Àǹtí, ẹ sọ pé fáírọ́ọ̀sì kò lẹ́sẹ̀, kò lójú, kò sì ní ọpọlọ. Báwo ló ṣe wá ń mọ ojúlé tí yóò wọ̀? Nígbà tí àìsàn pa adìyẹ màmá mi tán, àwa tí a ń kó òkú wọn dànù kò tilẹ̀ sín." Mo fún un ní èsì inú ìwé. Mo ní fáírọ́ọ̀sì mú kọ́kọ́rọ́ kan dání, àgádágodo wà lára sẹ́ẹ̀lì wa, kọ́kọ́rọ́ tó bá sì bá àgádágodo mu ló ń ṣí i. Ó ronú díẹ̀, ó tún bi mí pé: "Ta ló wá fi àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ àìsàn lè ṣí sí wa lára?" Ẹnu mi wọhò.

Mo mọ̀ pé àwọn elétò ìlera pọ̀ níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àlàyé tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè gbé dání, ní èdè Yorùbá, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn a há a sórí, wọn a sì kà á padà fún mi bí orin, àmọ́ kò ní yé wọn. Ọjọ́ Ẹtì la tún máa pàdé. Ẹ tún bá mi wá orúkọ tí à bá máa pe nǹkan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì yẹn, nítorí "àgádágodo" ti dá wàhálà sílẹ̀.

Bọ̀dá Yàrá Àyẹ̀wò, Yàbá

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ìbéèrè kejì tí ọmọ yẹn bi yín jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi àgádágodo sí wa lára nítorí àìsàn. Ohun tí ẹ pè bẹ́ẹ̀, purotéènì tàbí ṣúgà tó yọ síta lára awọ sẹ́ẹ̀lì ni, iṣẹ́ tirẹ̀ ló sì ń ṣe níbẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì tó dé. Òmíràn ń gba iṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yà ara mìíràn, òmíràn ń gba oúnjẹ wọlé, òmíràn sì ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ibi tó dúró sí kí ara má baà tú. Ní yàrá àyẹ̀wò wa, risẹ́pítọ̀ là ń pè é. Bí ó bá jẹ́ tèmi, "agbàlejò" ni mo máa pè é ní Yorùbá, nítorí àlejò tí ara ń retí ló dúró dè lẹ́nu ọ̀nà. Fáírọ́ọ̀sì wá dà bí mo-gbọ́-mo-yà tó wọ aṣọ ẹbí wá sí òde tí wọn kò pè é sí. Ẹni tó ń gba àlejò rí aṣọ, ó ní kó wọlé. Kò ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé fáírọ́ọ̀sì ń wá ojúlé kiri. Kò wá nǹkan kan. Fáírọ́ọ̀sì kòrónà kéré débi pé bí ẹ bá to 500 sí 1000 wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìbú irun orí kan ṣoṣo ni wọn yóò kún. Èémí, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri. Yóò máa kọlu ohun gbogbo tó bá pàdé, yóò máa ta nù, títí yóò fi ṣèèṣì kan ohun tó bá ẹ̀gún ara rẹ̀ mu, ìyẹn purotéènì tó yọ ṣóńṣó síta lára rẹ̀. Nígbà náà ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá kan irú rẹ̀, ibi tó wà náà ni yóò bàjẹ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń fojú ara mi rí níbi iṣẹ́. A máa ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì sínú abọ́ pẹlẹbẹ. Èyí tí a ń lò jù ni wọ́n ń pè ní Vero. Láti inú kíndìnrín ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà kan ni àwọn ará Japan ti mú un jáde ní 1962. Lábẹ́ maikirosikóòpù, wọ́n tò pẹ́kípẹ́kí bíi táìsì ilẹ̀ pálọ̀. Bí a bá kán omi tí fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀ sí wọn, tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, àwọn kan á ká jọ roboto, wọn á ṣí kúrò nílẹ̀, ihò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láàárín ibi tó ti tẹ́jú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kán omi kan náà sórí irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí kò ní agbàlejò tí fáírọ́ọ̀sì náà ń lò, ẹ lè ṣọ́ ọ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi pé, táìsì kan kò ní yẹ̀. Ọ̀nà yìí la sì fi ń dá agbàlejò mọ̀: wọn á gbé àbùdá (jíìnì) tó ń ṣe é sínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní i, wọn á wá wò ó bóyá ibi tó ti le koko tẹ́lẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ Wenhui Li ní Beijing ṣe rí agbàlejò àrùn mẹ́dọ̀wú B ní 2012, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ti wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún. NTCP ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa ni pé ó ń kó èròjà òróòro láti inú ẹ̀jẹ̀ padà sínú ẹ̀dọ̀. Ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ó sì pọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí mẹ́dọ̀wú B fi ń forí lé ẹ̀dọ̀, tí kì í ṣe ẹsẹ̀ tàbí etí.

Màmá Ìbejì, Èbúté Mẹ́ta

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ǹjẹ́ òwe yìí kò tó fún àwọn ọmọ náà?

Mo tún ní ìbéèrè tèmi. Ní 2020, ìyá mi tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́ lẹ́nu èrò kan nínú ọkọ̀ ní Ọ̀yìngbò pé oògùn náà ń ṣílẹ̀kùn fún kòrónà. Ó dá a dúró fún oṣù méjì láìsọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọjọ́ tí òòyì kọ́ ọ nílé ìdáná la tó mọ̀. Ilẹ̀kùn wo ni wọ́n ń sọ gan-an?

Apoògùn, Ìdúmọ̀tà

Màmá Ìbejì, ẹ kú ewu ìyá wa o. Ọ̀rọ̀ yẹn tàn ká Ìdúmọ̀tà níbi tí mo ti ń ta oògùn, mo sì rí àwọn àgbàlagbà tó gbé oògùn wọn padà wá fún mi tẹkúntẹkún. Agbàlejò tí kòrónà ń lò ni wọ́n ń pè ní ACE2. Ó wà lára sẹ́ẹ̀lì imú, ẹ̀dọ̀fóró, ìfun, ọkàn àti kíndìnrín, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gé èròjà kan tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ru. Nǹkan mìíràn tún wà tó ń jẹ́ ACE; òun ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril ń dí lọ́wọ́. Orúkọ wọn jọra bíi ti ọmọ ìyá, àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ohun tó dá ìpayà sílẹ̀ ni pé nínú àwọn ìwádìí kan tí wọ́n fi ẹranko ṣe, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mú kí ACE2 pọ̀ sí i, àwọn ènìyàn sì rò ó pé bí agbàlejò bá ti pọ̀, àlejò náà á pọ̀. Wọ́n wá dán an wò ní Brazil lára 659 aláìsàn kòrónà tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀: wọ́n ní kí àwọn kan dá a dúró fún 30 ọjọ́, kí àwọn yòókù máa lò ó lọ. Àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2021, àwọn tó dá oògùn dúró kò sì sàn ju àwọn tó ń lò ó lọ. Ẹ jẹ́ kí màmá máa lo oògùn wọn. Bí ìyípadà kan bá máa wà, ẹnu dókítà tó kọ ọ́ fún wọn ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ, kì í ṣe inú ọkọ̀.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí Àǹtí fi kọ́ àwọn ọmọ ni ti chloroquine, torí pé ojú wa ló ṣe ní Èkó yìí. Ní oṣù kẹta 2020, lẹ́yìn tí ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, Donald Trump, yin oògùn yẹn fún kòrónà níwájú ayé, àwọn ènìyàn ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù wa láti àárọ̀, owó rẹ̀ gbẹ́nu sókè, àwọn ará Èkó kan sì dèrò ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n lò ó kọjá ìwọ̀n. Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ nínú abọ́ yàrá àyẹ̀wò? Ọ̀nà méjì ni kòrónà ń gbà wọlé lẹ́yìn tó bá ti di ACE2 mú. Ní ọ̀nà kìn-ín-ní, purotéènì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ACE2, TMPRSS2, á gé ẹ̀gún fáírọ́ọ̀sì náà, aṣọ ọ̀rá ara rẹ̀ á sì yọ́ pọ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, sẹ́ẹ̀lì á gbé fáírọ́ọ̀sì náà mì sínú àpò kékeré kan, inú àpò náà á máa kan sí i, bí inú rẹ̀ bá sì ti kan tó, èròjà mìíràn á gé ẹ̀gún náà níbẹ̀. Chloroquine kì í jẹ́ kí inú àpò yẹn kan. Sẹ́ẹ̀lì Vero tí bọ̀dá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò ní TMPRSS2 tó nǹkan, nítorí náà inú àpò nìkan ni fáírọ́ọ̀sì lè gbà níbẹ̀, oògùn náà sì dí i pa. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn ní TMPRSS2. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Jámánì dán chloroquine wò lórí irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀ ní 2020, fáírọ́ọ̀sì wọlé bí ẹni pé oògùn kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni chloroquine tì. Gbangba ni ti iwájú wà. Ìdánwò ńlá tí wọ́n ṣe láàárín àwọn aláìsàn ní Bìrìtìkó ní ọdún náà, tí wọ́n fi ìbátan rẹ̀ hydroxychloroquine ṣe, sọ ohun kan náà: kò gba ẹ̀mí là.

Mo máa ń rántí àwọn ojú tó wà lórí ìlà yẹn. Ká ní a ti ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a lè fi ṣàlàyé ilẹ̀kùn méjì yìí nígbà náà ni, bóyá àwọn kan ì bá padà sílé.

Nọ́ọ̀sì, Ọ̀báléndé

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ fèsì lórí òwe Màmá Ìbejì. Òwe àgbà ni, ó sì dára ní ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ṣàlàyé àìsàn fún ọmọdé, nítorí pé ògiri tó lanu ni òwe yẹn dá lẹ́bi. Agbàlejò ara sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ìlanu ògiri. Ilẹ̀kùn tí onílé fi ń wọlé, tó fi ń jáde ni. Ara tó pé, tí kò ní àbùkù kankan, ló ní i.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ni ọdún 2014. Ní 20 oṣù keje ni aláìsàn kan gbé Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Ènìyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà jáde sígboro wà lára wọn. 19 oṣù kẹjọ ni a pàdánù rẹ̀. Mo wà lára àwọn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti wo àwọn tó ti fara kan aláìsàn. Ènìyàn 894 la tọpa wọn. Ọjọ́ 21 gbáko la fi ń wo ìgbóná ara ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo rántí obìnrin kan ní yàrá kan ṣoṣo, tó máa ń ti tẹmómítà bọ abíyá fúnra rẹ̀, tó máa ń mú un jáde, tó sì máa ń na nọ́ńbà rẹ̀ sí mi láti òkèèrè láìsọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlá ló bi mí léèrè ohun tí òun ṣẹ̀ tí irú èyí fi ń lépa òun. Ní 20 oṣù kẹwàá, àjọ WHO kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà, àmọ́ àwọn aládùúgbò kan ṣì ń yà fún un.

Bí Ebola ṣe ń wọlé yàtọ̀, ó sì yẹ kí Àǹtí mọ̀ ọ́n. Lẹ́nu ọ̀nà, kò ṣa agbàlejò kan pàtó. Oríṣiríṣi nǹkan ara sẹ́ẹ̀lì ló lè dì mú, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ oríṣiríṣi ẹ̀yà ara. Sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì sínú àpò, èròjà inú àpò á bó aṣọ òkè rẹ̀, ìgbà tó bá ti bó o tán ni ojú ibi tó fi ń di agbàlejò mú á tó hàn. NPC1 ni agbàlejò náà, inú lọ́hùn-ún ló wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kó ọ̀rá kan jáde nínú àpò kí sẹ́ẹ̀lì lè lò ó. Ọdún 2011 ni wọ́n mọ èyí. Àlejò yìí gba ẹnu ọ̀nà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn wọlé, yàrá inú ló ti wá pàdé ẹni tó ń wá.

Bàbá Adìyẹ, Agége

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Ọdún 23 ni mo ti ń sin adìyẹ. Àǹtí, ẹ bi ọmọ yẹn bóyá ọrùn adìyẹ wọn ń lọ́, tí ìgbẹ́ wọn sì ń ṣe bí omi ewé kí wọ́n tó kú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn Newcastle, èyí tí àwa ọlọ́sìn ń fi Lasota dènà, àjẹsára tí fáírọ́ọ̀sì Newcastle tí kò le wà nínú rẹ̀ láàyè.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo fẹ́ fi nǹkan kún ọ̀rọ̀ ọmọ mi tó wà ní Yàbá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí àrùn kò bá mú wa la lè sọ pé a kò ní agbàlejò rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń po Lasota, ẹ̀kán kan ta sí mi lójú. Ó di ọjọ́ kejì, ojú náà pọ́n, ó ń ṣomi, ipénpéjú wú. Ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ. Oníṣègùn ẹranko tó ń bá mi wo adìyẹ sọ pé ó máa ń ṣe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wa, nítorí pé ṣúgà tí fáírọ́ọ̀sì Newcastle ń dì mú lára adìyẹ wà lára tiwa náà. Ó wọlé. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tètè ké ìbòsí, fáírọ́ọ̀sì náà kò sì mọ bí a ti í pa ẹnu tiwa mọ́ bó ṣe ń pa ti adìyẹ. Nítorí náà, ẹ sọ fún ọmọ náà pé ẹnu ọ̀nà ni ìdènà àkọ́kọ́, kì í ṣe òun nìkan ló wà.

Ti lúkúlúkú, ìyẹn ọ̀fìnkìn ẹyẹ, tó dé ní 2006 sí oko adìyẹ kan ní Kàdúná kó tó tàn, ló jọ mọ́ ọ̀rọ̀ yín jù. Òun náà ń di ṣúgà kan náà mú, àmọ́ bí wọ́n ṣe so ṣúgà yẹn mọ́ èkejì rẹ̀ lára ẹyẹ yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe so ó nínú imú àti ọ̀nà ọ̀fun wa. Irú ti ẹyẹ wà lára àwa náà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló pọ̀ sí. Ìdí nìyí tí lúkúlúkú fi ṣòroó kó láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, tó sì máa ń le bó bá ráyè dé ìsàlẹ̀ yẹn. Ní oṣù kìn-ín-ní 2007, ó pa ọ̀dọ́bìnrin kan ní Èkó níbí, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí irú ikú bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ lára rẹ̀ ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi aṣọ bo imú bí mo bá fẹ́ kó òkú adìyẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àkókà

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ìwé tí mò ń kà ní yunifásítì ló jẹ́ kí n ní nǹkan díẹ̀ láti fi kún un, èyí tó kan àwa Yorùbá gan-an.

Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, ń lo agbàlejò kan tó ń jẹ́ dystroglycan. Purotéènì yìí ló ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ohun tó yí i ká, bí okùn tó so ọkọ̀ ojú omi mọ́ èbúté. Ṣúgà gígùn kan wà lára okùn náà, ṣúgà yẹn ni Lassa ń rọ̀ mọ́, àbùdá kan tó ń jẹ́ LARGE ló sì ń hun ún. Ní 2007, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature gbé ìwádìí kan jáde, tí Pardis Sabeti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí àbùdá àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé oríṣi LARGE kan ti gbilẹ̀ láàárín wa lọ́nà tó fi hàn pé ó ti ṣe àwọn baba ńlá wa láǹfààní. Àwọn onímọ̀ náà dábàá pé Lassa lè wà lára ohun tó fà á. Bí mo ṣe kà á, mo gbé ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ara àwọn tó bí wa ti máa tún ẹnu ọ̀nà ṣe tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì wà.

Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. HIV nílò agbàlejò méjì: á kọ́kọ́ di CD4 mú lára àwọn ọmọ ogun ara, ìrísí ẹ̀gún rẹ̀ á yí padà, á wá di èkejì mú, èyí tó sábà máa ń jẹ́ CCR5. Àwọn díẹ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù, bí ẹnì kan nínú 100, kò ní CCR5 tó pé, HIV kì í sì í sábà ráyè wọ ara wọn. Ọ̀wọ́n ni irú rẹ̀ láàárín wa. Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ní Berlin ti gba mùdùnmúdùn egungun fún Timothy Ray Brown, ará Amẹ́ríkà, ní 2007, nítorí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń bá a jà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó bọ́ lọ́wọ́ HIV.

Màmá Ìbejì, Èbúté Mẹ́ta

Nọ́ọ̀sì, mo gba àtúnṣe yín, mo dúpẹ́. Bọ̀dá, bó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà la mọ̀ báyìí, ṣé a kò lè wá oògùn tí yóò kúkú tì í pa?

Bọ̀dá Yàrá Àyẹ̀wò, Yàbá

Bàbá, ẹ ṣeun fún àfikún yín, òótọ́ ni.

Màmá, bí a bá ti agbàlejò pa, iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa náà á dúró. Bí a bá mú ACE2 kúrò, ẹ̀jẹ̀ á ru. Bí a bá mú CD4 kúrò, ara kò ní lè jà. Ìwọ̀nba àwọn tí ara lè gbà kí a dí ni wọ́n rí oògùn ṣe fún: maraviroc tó ń jókòó lórí CCR5 ti wà láti 2007, bulevirtide tó ń dí NTCP sì wà fún àwọn tó ní mẹ́dọ̀wú D, èyí tó máa ń gùn ẹ̀yìn mẹ́dọ̀wú B.

Ohun tó rọrùn jù ni kí a fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí a bo ẹ̀gún ara àlejò. Iṣẹ́ àjẹsára nìyẹn. Ara á ti rí ìrísí ẹ̀gún náà tẹ́lẹ̀, á ti ṣe áńtíbọ́dì tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀gún tí nǹkan ti lẹ̀ mọ́ kò sì lè di agbàlejò mú mọ́. Àjẹsára mẹ́dọ̀wú B tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun láàárín wákàtí 24, iṣẹ́ yìí ló ń ṣe. Ẹ sọ ti ajá dìgbòlugi fún àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ibi tí iṣan ìmọ̀lára ti pàdé ẹran ara ni agbàlejò rẹ̀ wà, tó bá sì ti wọ inú iṣan náà, á máa gùn ún lọ sí ọpọlọ. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Áńtíbọ́dì tí wọ́n ń gún yí egbò náà ká, kí ó lè bá fáírọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà ni. Ọṣẹ náà ní ìdí. Inú aṣọ ọ̀rá ni ẹ̀gún dìgbòlugi, ti kòrónà àti ti Lassa fìdí múlẹ̀ sí. Bí ọṣẹ bá yọ́ ọ̀rá, ẹ̀gún bọ́.

Àǹtí Lẹ́sìnnì, Sùúrùlérè

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti kọ́ wọn. Mi ò mú àgádágodo lọ mọ́. Mo gé páálí sí oríṣiríṣi ìrísí, mo ní kí ọmọ márùn-ún dúró lẹ́nu géètì gẹ́gẹ́ bí agbàlejò, kí kálukú di páálí tirẹ̀ mú síwájú, kí ó sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún ara sókè: "Èmi ni mò ń kó òróòro," "Èmi ni mò ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rọ̀." Mo fi gèlè dì àwọn yòókù lójú bíi ti eré bojúbojú, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní páálí kan, mo ní kí wọ́n máa rìn láìwá ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọlu ògiri, wọ́n kọlu ara wọn, wọ́n kọlu ọ̀pá aṣọ. Ó pẹ́ kí páálí kan tó wọ inú èkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wé páálí ọmọ kan, mo ní kó tún lọ. Ó kan ibi tó yẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò wọlé. Ọmọ tó ń kó òróòro ló pariwo pé, "Áńtíbọ́dì nìyẹn!"

Ọmọbìnrin ará Mushin yẹn kò pariwo. Ó bọ́ gèlè lójú, ó ká etí páálí rẹ̀ kan sínú, ó sì lọ fi sí ti ẹnìkan tí kò bá a mu tẹ́lẹ̀. Ó wọlé. Ó ní, "Àǹtí, bí ti adìyẹ bá ṣe báyìí ńkọ́?" Mo sọ fún un pé mo máa bi Bàbá Adìyẹ. Ó ní ọrùn adìyẹ wọn lọ́ lóòótọ́, ìgbẹ́ wọn sì rí bí ẹ ṣe sọ, bàbá.

Bàbá Adìyẹ, Agége

Ọlọ́run á dá ọmọ yẹn sí. Ẹ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe pé fáírọ́ọ̀sì mọ̀ọ́mọ̀ ká etí ara rẹ̀. Bó bá ṣe ń bí ara rẹ̀ ni àṣìṣe ń wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe náà kò wúlò fún un, ọ̀kan lè ṣèèṣì bá agbàlejò tuntun mu. Ibi tí a sì ti ń bẹ̀rù rẹ̀ jù nínú iṣẹ́ wa ni ara ẹlẹ́dẹ̀, nítorí irú ṣúgà ti ẹyẹ àti irú tiwa ló wà nínú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀fìnkìn adìyẹ àti ti ènìyàn lè pàdé níbẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ nǹkan. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀fìnkìn tó ká ayé mọ́ ní 2009 ti wá.

Ẹ bá mi bi í bóyá ẹnikẹ́ni ń sin ẹlẹ́dẹ̀ nítòsí wọn. Bó bá wà, kí ìyá rẹ̀ má ṣe jẹ́ kí adìyẹ tuntun tó bá rà mu omi tó ń ṣàn wá láti ọ̀dọ̀ wọn, kó fi omi bílíìṣì fọ ilé adìyẹ àtijọ́ yẹn, kó fi í sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó sì fún àwọn ọmọ adìyẹ ní Lasota kí wọ́n tó pé oṣù kan. Bí ó bá fẹ́ kí n wá bá a wo ilé adìyẹ náà, ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń ráyè.